Báwo la ṣe ń ka iye èèyàn tí àrùn kòrónà mú àti iye tó pa ní ìlú Èkó?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Agége. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ ya àwòrán tó máa fi hàn bí àrùn kòrónà ṣe rìn ní Èkó láti ọdún 2020, iye èèyàn tó mú àti iye tó kú. Ọjọ́ kan ṣoṣo la mú, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la bá pàdé. Èwo ni ká kọ? Ìkejì, bàbá kan kú ní àdúgbò wa ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Ikọ́ ló ń ṣe wọ́n, wọn ò sì lè mí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ṣe àyẹ̀wò fún wọn. Ṣé wọ́n wà nínú iye tí ìjọba kà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Títọpa àjàkálẹ̀ àrùn ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe, inú mi sì dùn gan-an pé àwọn ọmọ ló fẹ́ mọ èyí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yín kejì, torí òun ló máa jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ yé wa. Bàbá náà kò sí nínú iye yẹn. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kòkòrò àrùn náà wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ẹni tí a kàn fura sí. Nítorí náà, iye tí wọ́n máa ń kéde lálaalẹ́ nígbà náà kì í ṣe iye gbogbo èèyàn tí àrùn náà mú ní Èkó, bí kò ṣe iye àwọn tó dé ibi àyẹ̀wò tí wọ́n sì bá a lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé aláìsàn kan láti ilé rẹ̀ dé inú ìwé. Ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́jọ́ Ajé, kó máa mu àgbo tàbí oògùn ibà títí di ọjọ́ Ẹtì kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n á ki òwú bọ̀ ọ́ nímú àti lọ́fun, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ sì lè gba ọjọ́ mélòó kan, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 tí yàrá àyẹ̀wò kò tíì pọ̀. Láti ibẹ̀, èsì á dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, á sì dé ọ̀dọ̀ NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, tó máa ń kéde iye ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Aláìsàn kan ṣoṣo yìí ti ní ọjọ́ mẹ́ta báyìí: ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó ṣe àyẹ̀wò àti ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọjọ́ àyẹ̀wò ṣírò àti ẹni tó bá fi ọjọ́ ìkéde ṣírò kò lè ní iye kan náà, síbẹ̀ kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Tún fi kún un pé ẹnì kan lè ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ara rẹ̀ tó yá, tí wọn á sì ní láti yọ àkàtúnkà náà kúrò lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, ẹ mú orísun kan ṣoṣo àti irú ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán yín. Ẹ má ya ìlà láti ọjọ́ dé ọjọ́, torí iye sábà máa ń lọ sílẹ̀ tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé. Kì í ṣe pé àrùn sinmi, àwọn òṣìṣẹ́ ló dín kù lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ro ọjọ́ méje pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méje. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jùyẹn lọ lójú tèmi ni iye àyẹ̀wò. Ká ní àyẹ̀wò ti 1,000 di 3,000, tí àwọn tí wọ́n bá a lára wọn sì ti 100 di 300, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì jẹ́. Ìlà yín á gòkè fíofío, àrùn kò sì tíì pọ̀ sí i.

Ibi tí àyẹ̀wò dé ni àwòrán máa ń tọ́ka sí. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó gba Milan wọ Èkó, yàrá àyẹ̀wò LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ló sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹnì kejì, tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, fara kan án ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn tó ti òkèèrè dé àti àwọn tó fara kàn wọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe àyẹ̀wò fún jù, ìdí sì nìyẹn tí ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, níbi tí Lẹ́kí àti Ìkòyí wà, fi ga jù ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé kò sí àrùn ní Agége nígbà yẹn.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìṣirò. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2020, NCDC àti NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́rin láti wá èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò náà jà. Ní Èkó, èèyàn 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Ká tilẹ̀ sọ pé mílíọ̀nù mẹ́wàá péré ni ará Èkó, a jẹ́ pé ó ti mú mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn, nígbà tí àwọn tí àyẹ̀wò rí kò ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ẹnì kan tí a kà dúró fún èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣebí a ka Ẹ̀bólà pé ní ọdún 2014? Lóòótọ́ ni. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú, wọ́n sì tọpa èèyàn 894 tó fara kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ẹ̀bólà bá wà lára rẹ̀ kì í kó o ran ẹlòmíì kí àmì tó hàn, nígbà tí ẹni tí kòrónà wà lára rẹ̀ lè máa wọ dánfó kiri láìmọ̀.

Ti ikú ló dùn mí jù. Nǹkan bí 771 ni iye tí wọ́n kọ fún Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú sílé bí bàbá yẹn. Mùsùlùmí a máa sin òkú lọ́jọ́ náà, àwọn mìíràn a gbé òkú wọn lọ sí ìlú wọn, ìwé ilé ìwòsàn sì lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ẹ má sì pín iye tó kú lónìí sí iye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lónìí, torí ẹni tó máa kú sábà máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lórí àìsàn. Ọ̀nà tó dára jù ni kí á fi iye gbogbo òkú ọdún náà wé ti àwọn ọdún tó ṣáájú. Báyìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.9 ikú ló lé sí i lágbàáyé ní ọdún 2020 àti 2021, nígbà tí èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ sílẹ̀ pé kòrónà pa jẹ́ mílíọ̀nù 5.4.

Èkó kì í forúkọ gbogbo òkú sílẹ̀, ìṣirò yìí sì le níbẹ̀. Àwọn ọmọ yín lè gbìyànjú rẹ̀ ní kékeré. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí itẹ́ òkú kan tó ní ìwé ìsìnkú, kí ẹ ka iye òkú oṣù kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2018 títí dé 2021. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, iye nìkan ni kí ẹ kọ. Tí wọ́n bá sin bàbá náà sí Agége, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà nínú ìwé yẹn, ní oṣù kẹfà ọdún 2020.