Sí ẹni tó béèrè nípa dídí ọlọ inú màmá rẹ̀

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ ní ẹ̀dọ̀ wọn ti le, platelet wọn, ìyẹn hóró inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá tí ara bá bó, jẹ́ 41,000, dókítà ní kí wọ́n lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ apá kan ọlọ inú wọn, ìyẹn spleen, ẹ wá ń béèrè bóyá ìyẹn á jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Wọ́n ti ṣe é fún èmi náà, ó pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó kọjá. Télọ̀ ni mí, ní Ìgbógbo níbí lẹ́yìn Ìkòròdú. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Abẹ́rẹ́ máṣíìnì ló gún mi níka nígbà tí mò ń rán léèsì funfun ìyàwó kan. Télọ̀ wo ni abẹ́rẹ́ ò gún rí? Mo fẹnu fà á, mo bá iṣẹ́ lọ. Kí n tó mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kán sára léèsì yẹn níbi mẹ́rin. Mo fi àkísà dì í, kò dá títí wọ́n fi pèrun alásàrí. Ṣáájú ìgbà yẹn, tí mo bá rin pákò, itọ́ mi á pọ́n. Abẹ́ ìhà òsì mi sì wúwo débi pé mi ò lè tẹ̀ sórí máṣíìnì pẹ́. Ọdún mẹ́fà ni mo ti mọ̀ pé mo ní hepatitis B, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ yẹn, àgbo ni mò ń mu sí i. Nígbà tí wọ́n wá ṣe síkáànù, ẹ̀dọ̀ ti le, ó ti súnkì, ọlọ inú ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 19. Platelet mi jẹ́ 34,000, bẹ́ẹ̀ 150,000 sí 450,000 ló yẹ kó wà.

Bí dókítà ṣe là á yé mi nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìfun àti láti ọlọ inú, inú ẹ̀dọ̀ ló ń gbà kọjá. Tí àpá bá ti bo ẹ̀dọ̀, ọ̀nà á há. Àwa ará Ìkòròdú mọ èyí dáadáa: bí Mile 12 bá há, ọkọ̀ á tò dé Májídùn. Ọlọ inú ni Májídùn tiwa. Ẹ̀jẹ̀ á kún inú rẹ̀, á wú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá platelet àti ẹ̀jẹ̀ funfun dúró, á máa run wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó kù á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà lára àwọn iṣan wẹ́ẹ́wẹ́ tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun, àwọn yẹn náà á wú, wọ́n sì lè bẹ́. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ti ti kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun màmá wò ó. Wọ́n ti fi rọ́bà so tèmi kí wọ́n tó kan ọlọ inú rárá.

Ó wá kan ìbéèrè yín gan-an. Platelet á gòkè, ìyẹn kì í sábà yẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á rí ìsinmi díẹ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ tí ọlọ inú ń dà lé e lórí á dín kù. Ohun mìíràn tún wà. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tuntun lọ sí ẹ̀dọ̀ àti èyí tó ń lọ sí ọlọ inú, orí ìtì kan náà ni wọ́n ti yà. Ọlọ inú tó wú yìí ti ń gba ìpín tirẹ̀, ó tún ń gba ti ẹ̀dọ̀ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá dí lára ẹ̀ka tirẹ̀, ẹ̀dọ̀ á rí ẹ̀jẹ̀ gbà sí i. Albumin mi, èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, jẹ́ 28 tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó di 33, ẹsẹ̀ mi tó ń wú sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àpá tó wà lára ẹ̀dọ̀ kò lọ síbì kankan. Mi ò sì lè sọ pé ọlọ inú nìkan ló ṣe é, torí pé ìgbà yẹn gan-an ni mò ń lo tenofovir, oògùn hepatitis B, lójoojúmọ́, tí mo ti da gbogbo ìgò àgbo nù, tí mo sì ń jẹ ẹyin àti ẹja bí wọ́n ṣe ní kí n máa jẹ. Ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá dúró. Tí wọn ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn fún ìyẹn, ẹ má tíì ronú kan ọlọ inú.

Ojú mi là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n pa ibi tí itan ti pàdé ikùn kú, wọ́n ti ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan ibẹ̀, ó lọ sókè títí dé ìdí ọlọ inú. Nígbà tí wọ́n tú oògùn tó ń hàn lábẹ́ x-ray sí i, inú mi gbóná bí ẹni mu ògì gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yíjú sí tẹlifíṣọ̀n wọn, mo rí iṣan ọlọ inú mi tó yọ ẹ̀ka bí igi tó wọ́wé lọ́yẹ́. Wọ́n wá ń rán hóró wẹ́ẹ́wẹ́ lọ dí wọn, àwọn ẹ̀ka yẹn sì ń pòórá níkọ̀ọ̀kan. Mo ń ka Fátíà lọ́kàn títí wọ́n fi parí.

Wọ́n dí bí ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ béèrè iye tí wọ́n fẹ́ dí ti màmá. Dókítà mi sọ fún mi pé nígbà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Maddison kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1973, gbogbo ọlọ inú ni wọ́n máa ń dí, ọyún á sì gbá jọ sínú rẹ̀. Ìgbà tó di 1979 ni dókítà mìíràn, Spigos, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kí wọ́n dí apá kan ló dára, pẹ̀lú oògùn tó ń pa kòkòrò. Tó bá ti kọjá ìpín 70, wàhálà á máa pọ̀ sí i: ọyún, omi nínú àyà, ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú portal vein, ìyẹn iṣan ńlá tó wọ ẹ̀dọ̀. Ọlọ inú tó bá sì ṣẹ́ kù ni á máa bá wa jà fún àrùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún mi lábẹ́rẹ́ àjẹsára nímóníà àti méníńjáítísì ní ọ̀sẹ̀ méjì ó lé kí wọ́n tó ṣe é.

Ìrora rẹ̀ kò kéré o, mi ò ní parọ́ fún yín. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìhà òsì ti ń ro mí dé èjìká, mi ò lè mí kanlẹ̀. Ibà náà dé. Wọ́n ti sọ fún mi pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ karùn-ún wọ́n ní kí n máa lọ sílé, ọjọ́ kẹjọ ara mi tutù, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ kọkànlá ibà yẹn padà wá, òtútù ń mú mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Ìwé tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ń kúrò ní wọ́ọ̀dù kò sọ ohunkóhun nípa ibà tó lọ tó tún padà. Ará ilé mi sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, ó ra diclofenac, oògùn ìrora, wá, mo lo méjì. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Oògùn yẹn àti ibuprofen lè ba kídìnrín aláìsàn ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọ́n sì lè mú kí inú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Paracetamol ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, mi ò sì gbọdọ̀ lo ju mẹ́rin lọ lójúmọ́, oní 500. Ojú ọ̀nà há lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ mi gbé mi wọ̀ ní Ìpakodo lọ sí Èkó. Omi ti gbá jọ sí ìdí ẹ̀dọ̀fóró mi lápá òsì, kòkòrò ti wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi gba abẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, tí ibà bá lọ tó tún padà, ẹ má dúró nílé.

Platelet mi jẹ́ 171,000 lọ́jọ́ kẹrìnlá. Lóṣù kẹfà ó ti wálẹ̀ di 92,000. Mo sunkún, mo rò pé gbogbo owó yẹn ti ṣòfò. Dókítà ní rárá, ó máa ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èròjà tó ń sọ fún mùdùnmúdùn eegun pé kó ṣe platelet, ẹ̀dọ̀ tó rẹ̀ kò sì lè ṣe é tó. Ní báyìí ó ń rìn láàárín 80,000 sí 90,000. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde lẹ́nu mi mọ́. Mo ń rán aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ padà lọ bi dókítà pé kí ni wọ́n fẹ́ fi platelet náà ṣe. Ṣé màmá ń ṣẹ̀jẹ̀ ni? Ṣé iṣẹ́ abẹ kan wà níwájú? Tó bá jẹ́ torí 41,000 nìkan, tí ara wọn sì balẹ̀, ìyẹn nìkan kò tó ìdí. Ẹ béèrè bóyá portal vein wọn ṣí, bóyá omi wà nínú ikùn, bóyá ẹyinjú wọn ti pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú. Ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù pẹ̀lú mi tí omi kún ikùn rẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n kọ̀, wọn ò ṣe tirẹ̀. Inú bí ọmọ rẹ̀ gan-an, ó rò pé torí owó ni. Dókítà wá jókòó tì í, ó ní ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè fara da ibà àti ìrora tó ń tẹ̀ lé e.

Tó bá jẹ́ hepatitis B ló fà á, kí ẹ̀yin ọmọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ mi kejì ní in, a tètè mọ̀.

Ẹ kọ albumin, bilirubin (èyí tó ń mú kí ojú pọ́n) àti INR (èyí tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì) màmá síbí tí èsì bá dé. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àyàfi ọjọ́ Àìkú. Ẹ bá mi kí wọn.