Ẹ Má Tíì Pa Ubuntu Rẹ́, Ẹ Jẹ́ Kí Windows Gba Ẹnu Ọ̀nà Ná

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ní Ṣómólú. Láptọ́ọ̀pù HP kan ni mo fi ń ṣe CorelDRAW. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní Àkọkà ló fi Ubuntu, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, kí ó lè máa fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Ó ti jáde, ó ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní òkè Ọya. Ní báyìí, bí mo bá ti tan ẹ̀rọ, ojú dúdú kan á kọ́kọ́ yọ, Ubuntu ló wà lókè níbẹ̀. Bí mi ò bá tètè sún un sórí Windows, Ubuntu ni yóò ṣí, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò sì mọ̀ ọ́n lò. Àyè C: ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Aago Windows náà máa ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹni tí mo gbé e lọ bá ní àfi kí òun fọ́màtì gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi láti ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀! Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni? — Onítẹ̀wé, Ṣómólú

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ajé. Ọ̀nà wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́màtì ẹ̀rọ yẹn. Ó ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí, torí pé fọ́màtì rọrùn fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni tó ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ló ń sunkún lẹ́yìn. Ubuntu lè kúrò kí fáìlì CorelDRAW (.cdr) kan ṣoṣo má sọnù. Ohun tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà lẹ máa kọ́kọ́ gbà fún Windows, kí ẹ tó fọwọ́ kan ilé Ubuntu rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ohun tó ń yọ lójú dúdú yẹn ni wọ́n ń pè ní GRUB. Ẹ fi wé máìgáàdì tó jókòó sẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n tó kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé pamọ́ sínú yàrá Ubuntu. Bí ẹ bá wó yàrá yẹn lójijì, máìgáàdì á ṣì wà lẹ́nu géètì, àmọ́ kò ní í rí kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, títí kan Windows tí nǹkan kan ò ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé ẹ̀rọ àwọn ti bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọ inú Ubuntu lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù, kí ó sọ ohun tó fi síbẹ̀, torí pé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lè wà nínú fódà Documents. Windows kò lè ka ext4, ìyẹn ọ̀nà tí Ubuntu ń gbà to fáìlì, nítorí náà inú Ubuntu fúnra rẹ̀ lẹ ti máa kó ẹrù rẹ̀ jáde sórí hard disk àgbéká. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Windows, kí ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín pẹ̀lú. Ẹ gbé hard disk náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí iṣẹ́ mélòó kan níbẹ̀ nínú CorelDRAW. Ẹ̀dà tí ẹ ò tíì ṣí wò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kí ẹ tó jáde nínú Ubuntu, ẹ ṣí ètò kan tó ń jẹ́ Disks. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Ext4 sí, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé. Ká ní ẹ rí 120 GB níbẹ̀, tí ẹ bá dé inú Windows, 111.76 GB ni yóò sọ pé ó jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ̀gbẹ̀rún-ẹ̀gbẹ̀rún ni Disks fi ń ka tirẹ̀, 1024 ni Windows fi ń ka tirẹ̀. Ohun kan náà ló mú kí hard disk 500 GB máa jẹ́ nǹkan bíi 465 GB nínú Windows. Ìwọ̀n yìí ni ẹ máa fi dá ilé Ubuntu mọ̀, torí pé Windows kò ní í kọ orúkọ kankan sí i lára.

Ó wá kan ẹnu ọ̀nà. Nínú Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ BIOS Mode sí. Bí ẹ bá rí Legacy, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ̀rọ ń gbà tàn, ẹ dúró, ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tí mo sọ fún oníaṣọ Ìsàlẹ̀ Èkó nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí ó bá jẹ́ UEFI, ìyẹn ọ̀nà tuntun, iṣẹ́ ti rọrùn. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì máa tẹ Esc léraléra títí àwọn àṣàyàn yóò fi jáde. Ẹ tẹ F10. Lábẹ́ Boot Options, ẹ wá ibi tí wọ́n to Windows Boot Manager àti ubuntu sí; lórí HP mìíràn, abẹ́ OS Boot Manager ni wọ́n fara pamọ́ sí. Ẹ gbé Windows Boot Manager lékè, ẹ fi pamọ́, ẹ jáde. Ẹni tó bá ń lo Dell, F2 ni tirẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Tí Windows bá ń ṣí tààrà láìsí ojú dúdú, ọwọ́ Windows ni géètì wà.

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò gbọdọ̀ gbàgbé: bí BitLocker, ètò tí Windows fi ń ti fáìlì pa, bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yín, ó lè béèrè fún nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48 lẹ́yìn tí ẹ bá yí ètò yìí padà. Ẹ wá nọ́ńbà náà lórí àkáǹtì Microsoft yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹ lè wá yọ Ubuntu báyìí. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ Start, ẹ yan Disk Management. Ẹ máa rí àwọn àpótí tó tò tẹ̀lé ara wọn. C: wà níbẹ̀, wọ́n kọ NTFS sí i, ìyẹn ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì. Òmíràn wà tí wọ́n kọ EFI System Partition sí, ó kéré, inú rẹ̀ ni ohun tí ẹ̀rọ fi ń tàn wà. Òmíràn lè jẹ́ Recovery Partition, èyí tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn méjèèjì yìí o. Èyí tí kò ní lẹ́tà, tí wọn ò kọ NTFS sí, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ohun tí ẹ kọ sínú ìwé mu, òun ni Ubuntu. Bí Ubuntu náà bá jẹ́ ti àtijọ́, kékeré kan lè tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ swap, àyè tí Ubuntu fi ń ran mẹ́mórì ẹ̀rọ lọ́wọ́. Disks ti fi í hàn yín tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ Delete Volume lórí Ubuntu, àti lórí swap náà bí ó bá wà. Yóò di Unallocated, àmì dúdú á sì wà lókè rẹ̀. Ẹ wá lọ sórí C:, ẹ yan Extend Volume, ẹ máa tẹ Next títí ó fi parí.

Extend Volume kì í ṣiṣẹ́ àfi kí àyè òfìfo náà wà ní ọwọ́ ọ̀tún C: gan-an, kí nǹkan kan má dá wọn láàárín. Bí Recovery Partition bá wà láàárín wọn, àwọn kan á ní kí ẹ fi GParted, ètò tí wọ́n fi ń pín àyè hard disk, wọ́ ọ kúrò. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ gbọ́ tèmi: wíwọ́ partition, ìyẹn àpótí kan lára hard disk, lè pẹ́, bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, tí bátìrì ò sì gbé e, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè dàrú pátápátá. Ẹ fi àyè òfìfo náà ṣe D: ni, New Simple Volume lẹ máa tẹ̀. Lójú tèmi gan-an, ìyẹn ló dára jù fún onítẹ̀wé, kí iṣẹ́ oníbàárà máa wà ní D:, kí Windows àti CorelDRAW máa wà ní C:. Bí Windows bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ ò ní í bá a lọ. Delete àti Extend kì í pẹ́ rárá, síbẹ̀ ẹ má ṣe é lórí bátìrì tó ti kú. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ tàbí íńfátà wà lẹ́yìn yín.

Orúkọ ubuntu lè ṣì máa hàn nígbà tí ẹ bá tẹ F9, ibi tí HP ti ń jẹ́ kí ẹ yan ohun tí ẹ̀rọ máa fi tàn. Ẹ fi í sílẹ̀. Fódà kékeré kan ló kù nínú EFI, kò ní ẹ̀rọ lára. Mi ò ní í kọ àṣẹ tí wọ́n fi ń pa á rẹ́ síbí, torí pé fódà Microsoft ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ṣi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ti ti ara rẹ̀ síta.

Ti aago yín nìyí: aago UTC, ìyẹn aago àpapọ̀ àgbáyé, ni Ubuntu máa ń fi sínú ẹ̀rọ, Windows sì máa ń rò pé aago ìlú ló wà níbẹ̀. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, ìdí nìyẹn tí aago mẹ́wàá yín fi ń di mẹ́sàn-án. Nígbà tí Ubuntu bá ti lọ, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Sync now lábẹ́ Date & time. Kò ní í rẹ̀yìn mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ gbà mí! Mo pa Ubuntu rẹ́ nínú Disk Management. Láti ìgbà náà, “error: no such partition” ló ń kọ, “grub rescue>” ló wà lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ ni mo ń tà ní Balógun, àwòrán ọjà mi àti orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó wà nínú Windows. Ṣé ó ti tán nìyẹn? — Oníaṣọ, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Kò tán o, àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Mo ti fèsì fún ọ tẹ́lẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn mìíràn. Gbogbo nǹkan rẹ ṣì wà níbi tó wà. Máìgáàdì tí mo sọ lókè ni kò rí kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Kọ́kọ́ wo inú àṣàyàn tí ẹ̀rọ rẹ fi ń tàn. Bí Windows Boot Manager bá wà níbẹ̀, yàn án, Windows á ṣí. Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Legacy. Yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí o fi Media Creation Tool láti ọ̀dọ̀ Microsoft ṣe fláàṣì Windows. Kí fláàṣì náà tó 8 GB, kí ó sì ṣófo, torí pé ohun tó bá wà lórí rẹ̀ á parẹ́. Fi fláàṣì yẹn tan láptọ́ọ̀pù rẹ. Má tẹ Install now! Repair your computer ni kí o tẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, kí o wá gba Troubleshoot dé Command Prompt. Kọ bootrec /fixmbr, tẹ Enter. Bí ó bá ti sọ pé ó yege, yọ fláàṣì, tún ẹ̀rọ tàn. Bí ó bá ṣì kọ̀, padà síbẹ̀, kọ bootrec /fixboot.

Ní ọjọ́ tó bá ṣí, kí o tó ta aṣọ kankan, ṣe ẹ̀dà orúkọ àwọn tó jẹ ọ́ lówó.

ÌBÉÈRÈ: Windows 7 àti Windows 10 ló jọ wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa. Báwo la ṣe máa yọ 7? — Akọ̀wé, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta

ÌDÁHÙN: Ẹ wọ inú Windows 10, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, ẹ kọ msconfig. Lábẹ́ Boot, ẹ yan Windows 7, ẹ tẹ Delete, ẹ tẹ OK. Kò ní í yọjú mọ́. Kí ẹ tó fọ́màtì àyè tí Windows 7 wà, ẹ wo Disk Management dáadáa: bí wọ́n bá kọ System sára partition Windows 7 náà, ẹ má fọ́màtì rẹ̀, torí pé inú rẹ̀ ni ohun tí Windows 10 fi ń tàn wà. Ẹ kó àwọn ìwé ọ́fíìsì kúrò níbẹ̀ ná. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn Windows 7 dúró láti 14 oṣù kìíní 2020, wọ́n sì dá ti Windows 10 náà dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025, nítorí náà ẹ bi ọ̀gá yín bóyá kọ̀ǹpútà náà lè gba Windows 11 kí ẹ tó ṣe wàhálà púpọ̀ lórí rẹ̀.