Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Èló Ni Híítà Omi Gbígbóná Yóò Ná Wa?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, okun o. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá ọkọ mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, oríkèé ara sì máa ń dùn wọ́n, pàápàá lásìkò ọyẹ́, nítorí náà omi gbígbóná ni wọ́n fi ń wẹ̀. A fẹ́ fi híítà iná mọ̀nàmọ́ná sí balùwẹ̀ wọn. Òǹtajà kan ní Kábà ní kí a ra èyí tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀, pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹlòmíràn ní kí a ra onítáǹkì tó gba 50 lítà. Oníṣẹ́ iná tí a pè ní 40,000 náírà ni òun yóò gbà, kò sì sọ ohun tó wà nínú owó náà. Alẹ́ ni iná sábà máa ń dé lọ́dọ̀ wa, kì í sì í lágbára. Ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí lára ni ilé wa. Èló gan-an ni kí a múra sílẹ̀ fún?
— Ìyàwó Ilé, Ìsánlú

Ìdáhùn: Okun o, ìyá wa, ẹ sì kú ìtọ́jú àgbà. Ọyẹ́ ilẹ̀ Yàgbà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹni ọgọ́rin ọdún máa fi omi tútù kojú, nítorí náà ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí tọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ jẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: owó híítà wà, owó ohun tí yóò gbé iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà, owó ohun tí yóò gbé omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà sì wà. Èyí àárín ni àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù, nítorí pé nínú ilé tí wọ́n ti fa wáyà rẹ̀ tipẹ́, òun ló lè pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀mí ènìyàn sì ni a ń fi wewu bí a bá yọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ti híítà. Òǹtajà tó ní kí ẹ ra èyí tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀ kò parọ́ nípa owó, ṣùgbọ́n kò bi yín bí iná yín ṣe rí. Irú híítà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fa 3,500 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn a tó 5,500, ìgbà tí ènìyàn bá sì dúró sábẹ́ omi gan-an ni ó nílò iná. Bí iná bá ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, omi tútù ni yóò máa dà sí ìyá lára. Bí iná bá wà tí kò sì lágbára, omi náà kò ní ju lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Ti onítáǹkì yàtọ̀. Òru tí iná bá wà ni omi inú rẹ̀ yóò ti gbóná, fóòmù tó yí táǹkì náà ká yóò sì di ooru rẹ̀ mú títí di àárọ̀, ì báà jẹ́ pé iná ti lọ. Òun ló bá àdúgbò yín mu.

Ní ti ìwọ̀n, 50 lítà pọ̀ jù fún ìwẹ̀ ẹnì kan. Ká ní omi yín wà ní ìwọ̀n Celsius 20 ní àárọ̀ ọyẹ́, tí híítà 30 lítà sì gbé e dé 60. Omi yẹn yóò bó ènìyàn lára, nítorí náà a óò fi omi tútù là á títí yóò fi wà ní nǹkan bí 40, yóò sì di 60 lítà, ìyẹn garawa mẹ́ta tó gba 20 lítà kọ̀ọ̀kan. Ìyá yóò wẹ̀, yóò sì tún ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ yẹn yóò jẹ iná tó tó yúníìtì 1.4, híítà 1,500 wáàtì yóò sì parí rẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí kan bí iná bá pé. Èyí tó gba 50 lítà yóò jẹ yúníìtì 2.3, ẹ óò sì máa sanwó omi gbígbóná tí ẹnikẹ́ni kò fi wẹ̀.

Iye tí ẹ ń san fún yúníìtì kan wà lára rìsíìtì tí ẹ ń gbà nígbà tí ẹ bá ra iná sórí mítà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, 225 náírà ni wọ́n gbé yúníìtì kan sí. Lórí iye yẹn, híítà 30 lítà tó ń gbóná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ yóò jẹ 315 náírà lójúmọ́, ìyẹn 9,450 náírà ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ̀yin tí iná ń dé bá lálẹ́ kò sí ní Band A, nítorí náà tiyín yóò kéré sí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi wé gáàsì, kílò kan gáàsì ní ooru tó tó yúníìtì 13 nínú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ń bá atẹ́gùn lọ lábẹ́ ìkòkò. Ẹ fi owó kílò kan wé owó yúníìtì mẹ́fà, ẹ óò rí èyí tó dín owó kù.

Iná tí kò lágbára kò sì ní kó yín sí gbèsè. Bí fóólítì bá wálẹ̀ láti 230 sí 160, agbára híítà 1,500 wáàtì yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 730, yóò sì tó ìlọ́po méjì àkókò kí omi tó gbóná, ṣùgbọ́n yúníìtì tí yóò jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tó ń ba irin inú híítà jẹ́ ni kí wọ́n tan án nígbà tí kò sí omi nínú rẹ̀.

Ó wá ku wáyà. Ẹ bi oníṣẹ́ iná yín bóyá 40,000 náírà yẹn kan ohun èlò, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Híítà gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ tó wá tààrà láti ibi bírékà, kì í ṣe èyí tí wọ́n já lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fíríìjì ń lò. Wáyà bàbà 2.5 mm tó fún 1,500 wáàtì, pẹ̀lú súìsì 20 áńpìà tí wọ́n fi sí ìta balùwẹ̀. Ayédèrú wáyà pọ̀ lọ́jà, èyí tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo alumíníọ̀mù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n bó ẹnu rẹ̀, kí ẹ mú okùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ ha á: bí ó bá jẹ́ bàbà, pupa ni yóò jẹ́ dé inú, bí ó bá jẹ́ ayédèrú, funfun bíi páànù tuntun ni yóò yọ lábẹ́ ẹnu ọ̀bẹ.

Wáyà kẹta, èyí tó ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà yẹ́lò, ló ń so ara híítà mọ́ irin tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ níta. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa, irin yìí kò sí rárá, tàbí kí ó ti dípẹtà. Bí irin inú híítà bá lu lọ́jọ́ kan, iná yóò wọ inú omi. Bí ọ̀nà ilẹ̀ bá wà, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ, bírékà yóò sì já. Bí kò bá sí, ara ẹni tó ń wẹ̀ ni yóò gbà. Ẹ fi bírékà tó ń mọ̀ bí iná bá ń jò kún un, èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára, nítorí pé kì í tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó gé iná. Mo bẹ̀ yín, bí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ ṣe irin ilẹ̀ àti bírékà yìí ṣáájú, kí ẹ ṣì máa se omi lórí gáàsì, kí ẹ wá ra híítà nígbà tó bá yá. Ẹ má sì fi boiling ring tí wọ́n ń kì bọ garawa rọ́pò rẹ̀ fún àgbàlagbà.

Híítà 30 lítà tí omi kún yóò wúwo ju 40 kílò lọ, ògiri alámọ̀ kò sì lè di bóòtù mú fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀ dára tó. Kí wẹ́dà ṣe férémù onírin tí yóò dúró lórí ilẹ̀. Páìpù funfun lásán máa ń rọ̀ bí omi bá ti gbóná dé 60, nítorí náà, láti ara híítà dé ẹnu ẹ̀rọ, páìpù PPR ni kí púlọ́ńbà lò. Táǹkì omi yín gbọ́dọ̀ ga ju híítà lọ.

N kò ní dá iye kan lé e, nítorí pé bí bírékà yín ṣe jìnnà sí balùwẹ̀ tó ni yóò sọ iye wáyà tí ẹ óò rà. Kí oníṣẹ́ iná àti púlọ́ńbà kọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí owó iṣẹ́ wọn wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye wọn ní Kábà àti ní Lọ́kọ́ja kí ẹ tó rà.

Ìbéèrè: Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí ínfátà wa lè gbé híítà onítáǹkì? — Olùkọ́, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ìdáhùn: Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ ń lò kò gbé ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ, híítà sì ń fẹ́ 1,500. Bátìrì ínfátà 12 fóólítì tó jẹ́ 200 Ah kò ní ju yúníìtì 2.4 lọ nínú, híítà yóò sì jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ má fi wọ́n gbé e, àyàfi bí páànẹ́lì sólà yín bá pọ̀, tí ínfátà sì lágbára tó. Nígbà náà, ẹ mú omi gbóná lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí bátìrì bá ti kún.

Ìbéèrè: Omi ń kán láti ara fáfù kékeré tó wà lábẹ́ híítà wa nígbàkígbà tó bá ń gbóná. Púlọ́ńbà ní kí a dí i. — Bàbá Ìbejì, Kábà

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má dí i. Omi máa ń fẹ̀ bí ó bá ń gbóná: 50 lítà tó gbóná láti 20 dé 60 yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà kan lé sí i, ibi tí ó sì ń gbà jáde nìyẹn. Bí ẹ bá dí i, táǹkì náà lè bẹ́. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín darí omi náà sí ojú àgbàrá balùwẹ̀. Bí ó bá ń kán nígbà tí omi tutù pẹ̀lú, ẹ pààrọ̀ fáfù náà.