Ẹnu Éjẹ́ńtì ní Iṣẹ́ Ọdẹ, Ìwé ní Iṣẹ́ Ṣọ́jà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Àpẹ̀tẹ̀ n'Ìbàdàn ni mò ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ti jáde ní Pólì Ìbàdàn láti ọdún méjì, kò tíì ríṣẹ́. Ẹnì kan tó pàdé lórí Telegram ní òun máa mú un lọ sí Rọ́ṣíà, pé iṣẹ́ sikiọ́rítì ni, ilé ìkẹ́rù ni wọ́n á máa ṣọ́. Dọ́là 2,500 lóṣù, ọdún kan péré. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ló máa ṣe físà. Ó ti gba pásípọ́ọ̀tù ní Agodi. Màmá wa ń yọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òfin lè dá a dúró? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èkejì, torí kò gùn: òfin ò lè dá a dúró. Ẹni tó ti ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, tó ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀, kò sí adájọ́ ní Ìyágankú tó máa so ó mọ́lẹ̀ torí pé ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò balẹ̀. Éjẹ́ńtì ni òfin lè mú. Màá padà sórí ìyẹn.

Ti àkọ́kọ́ wá ńkọ́, ṣé òótọ́ ni? Ẹ gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Andrii Sybiha, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Ukraine, sọ pé ó kéré tán, ará Áfíríkà 1,436 láti orílẹ̀-èdè 36 ló ń bá Rọ́ṣíà jagun. Ẹ lè ní ọ̀tá ló ń sọ̀rọ̀ ọ̀tá, ẹ ò sì jẹ̀bi. Àmọ́ oṣù yẹn kan náà ni ọ́fíìsì Ààrẹ Ramaphosa kéde pé àwọn ọkùnrin 17 láti Gúúsù Áfíríkà ń ké gbàjarè láti Donbas ní Ukraine, níbi tí ogun ti ń jó. Iṣẹ́ olówó gọbọi ni wọ́n fi tàn wọ́n débẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú, ọlọ́pàá Kẹ́ńyà kó àwọn tó lé ní ogún jáde nínú ilé kan nítòsí Nairobi, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa wọ bàálù lọ sí Rọ́ṣíà. Ìjọba Nepal, ní Éṣíà, ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀: ní oṣù kìíní 2024, wọ́n ní àwọn ò fún ọmọ ìlú wọn láyè láti lọ ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà tàbí Ukraine mọ́.

Ohun tó ń mú inú Màmá dùn, pé wọn ò gba kọ́bọ̀, òun gan-an ló já èmi láyà jù nínú lẹ́tà yín. Éjẹ́ńtì tó ń ta físà ayédèrú ní Challenge, owó yín ló ń wá. Tó bá gbà á tán, ó lè sá lọ. Eléyìí ò wá owó yín. Orí àbúrò yín ni ọjà. Ní Rọ́ṣíà, àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tó ń sanwó fún ẹni tó bá mú ènìyàn wá fọwọ́ sí ìwé ológun, owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sì tó nǹkan lára ìyẹn.

Bàbá kan wá sí ọ́fíìsì mi láìpẹ́ yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló mú wá, fọ́tò ewé mẹ́rin tí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ti sọ fún un pé ìwé ilé ìtajà ni. Èmi náà ò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, mo kàn gbé kámẹ́rà Google Translate lé e lórí. Ìlà àkọ́kọ́: контракт о прохождении военной службы. Ìwé àdéhùn láti ṣe iṣẹ́ ológun. Bàbá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó fi ìka nu ojú fóònù náà bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì yìí sílẹ̀ fún àbúrò yín: военной службы, iṣẹ́ ológun, àti Министерство обороны, iléeṣẹ́ ètò ààbò. Ìwé tó bá ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ìwé ṣọ́jà ni, ohun yòówù kí éjẹ́ńtì máa fi ẹnu sọ.

Ọdún kan péré ńkọ́? Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2022, nígbà tí Putin, Ààrẹ Rọ́ṣíà, pàṣẹ kí wọ́n kó ará ìlú kún ọmọ ogun, ó fi kún un pé ìwé àdéhùn àwọn ọmọ ogun kò ní tán títí àṣẹ náà fi máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló fi sílẹ̀: kí ènìyàn dàgbà kọjá iye ọdún tí òfin gbà, kí dókítà ní kò lè ṣe é mọ́, tàbí kí ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá ń sọ ọdún kan péré fún ọmọ Ìbàdàn ò tíì ka àṣẹ yìí, tàbí kó ti kà á dáadáa.

Owó náà tún nìyí. Visa àti Mastercard ti kúrò ní Rọ́ṣíà láti oṣù kẹta 2022. Káàdì tí báńkì Rọ́ṣíà bá fún un kò ní fa náírà kan jáde níbí. Ẹ bi éjẹ́ńtì léèrè ọ̀nà tí 2,500 dọ́là náà fẹ́ gbà dé ọwọ́ Màmá, kẹ́ ẹ sì gbọ́ bó ṣe máa dáhùn.

Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò obìnrin, tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ètò kan wà ní Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Alabuga Start, àwọn ọmọbìnrin bí ọdún 18 sí 22 ni wọ́n ń wá, wọ́n ní ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀ tán, dróònù ogun ni wọ́n ń tò. Ní oṣù kẹrin 2024, dróònù Ukraine jábọ́ sórí ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń sùn sí, àwọn kan sì fara pa.

Ó yẹ kí n padà sórí òfin. Òfin tó de kíkó ènìyàn ṣòwò ní Nàìjíríà, ti ọdún 2015, ka fífi ẹ̀tàn kó ènìyàn lọ ojú ogun sí ọ̀ràn. Ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, lórí 627, kẹ́ ẹ fún wọn ní orúkọ Telegram náà àti gbogbo ohun tí wọ́n ti bá ara wọn sọ. Kò sí owó fún ìpè náà. Ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò iṣẹ́. Ẹ ní kó fún yín ní ẹ̀dà tirẹ̀, ẹ mú un lọ sí Federal Secretariat ní Ìkòlàbà kí wọ́n bá yín wò ó.

Tó bá ti lọ ná, ọ̀nà há. Kó má fọwọ́ sí ohun tí kò lè kà, kó wá ẹ́ḿbásì wa ní Moscow. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ìjọba sí ìjọba ló kù. Íńdíà rí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn gbà lẹ́yìn tí Modi, olórí ìjọba wọn, fẹnu ara rẹ̀ bá Putin sọ ọ́ ní Moscow ní oṣù keje 2024. Tiwa ò yára tó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti pe àwọn aṣojú wa padà sílé, ọ̀pọ̀ ẹ́ḿbásì ni kò ní aṣojú fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè àti NiDCOM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, pẹ̀lú ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù, ìwé tó fọwọ́ sí, àti ibi tó ti pè yín kẹ́yìn.

Àwọn bàbá wa tó lọ Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, ogun ni wọ́n sọ fún wọn pé àwọn ń lọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní iṣẹ́ ilé ìkẹ́rù.

Ẹ má bá àbúrò yín jà o. Ẹni tó ti jókòó sílé fún ọdún méjì, ìjà ló máa lé e wọ bàálù. Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ bi í lálẹ́ òní: fọ́tò ojú ewé físà nínú pásípọ́ọ̀tù. Níbi tí wọ́n kọ ìdí ìrìnàjò sí, tí ó bá jẹ́ туризм, ìgbafẹ́ ni, kò gbọdọ̀ fi ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá débẹ̀ tó ṣiṣẹ́, arúfin ni, ọlọ́pàá tó bá mú un sì lè ní kó yan ẹ̀wọ̀n tàbí ìbọn. Físà iṣẹ́ gidi, работа по найму ló máa wà lára rẹ̀. Tó bá wá ní pásípọ́ọ̀tù ò sí lọ́wọ́ òun, pé éjẹ́ńtì ti gbà á pa mọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó pe 627.