Ẹ la kóró òwú yẹn wò kí ẹ tó gbìn ín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní wọ́n fún yín ní kóró òwú tí kò ní oró gossypol nínú, ẹ fẹ́ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú tí ẹ ti ń gbìn tẹ́lẹ̀, kí ẹ lè máa fi kóró rẹ̀ bọ́ adìyẹ ẹlẹ́yin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, ìyà tó jẹ mí níbẹ̀ kò kéré.

Ẹ mú kóró òwú yín àtijọ́, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ fi abẹ là á sí méjì. Ẹ ó rí àmì dúdú tíntìntín káàkiri inú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán tàdáwà sí i. Àpò oje ni wọ́n, inú wọn ni oró náà wà. Màlúù tó ti dàgbà lè fara dà á tí kò bá pọ̀ jù. Adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ kò lè fara dà á. Nínú irú tí èmi gbìn, tí mo rò pé òun náà ni wọ́n fún yín, kò yẹ kí ẹ rí àmì kankan. Ọ̀gbẹ́ni McMichael, onímọ̀ nípa òwú ní Amẹ́ríkà, ló kéde rẹ̀ ní 1959, ara òwú àwọn ẹ̀yà Hopi, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ti rí i. Jíìnì méjì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú igi, ló ń ṣe é, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ akọ àti abo wá kí inú kóró tó mọ́. Bí oyin kan bá gbé àtíkè òdòdó wá láti ara òwú olóró báyìí, àmì dúdú ti padà sínú kóró tó so níbẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún kìíní, n kò tilẹ̀ ronú dé ọ̀rọ̀ oyin. Oró yẹn ni òwú fi ń gbèjà ara rẹ̀. Bí ẹ bá ti mú un kúrò, ohun gbogbo tó lẹ́nu ni yóò wá jẹ ẹ́. Eku ń hú kóró rẹ̀ nílẹ̀, ehoro ń jẹ ewé rẹ̀ dé ìdí, àwọn kòkòrò tí kì í sún mọ́ òwú tẹ́lẹ̀ bò ó. Ìlà méjì ló kángun síra wọn: ti olóró dúró digbí, tèyí ku igi lásán. Láti ìgbà náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́dún kejì ó so dáadáa, inú mi dùn, mo kó kóró rẹ̀ pamọ́ láìla ẹyọ kan wò. Mo tún ti gbé e gba inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya òwú kúrò lára kóró, kóró òwú olóró sì ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ọdún kẹta ni mo fi bọ́ adìyẹ. Ẹyin tí mo fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yé e dára. Èyí tí mo fi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló tú àṣírí. Mo fọ́ ọ sínú àwo funfun, pupa ẹyin ti di àwọ̀ ewé tó ń gbẹ, ó ṣú. Mo fọ́ ìkejì, mo fọ́ ìkẹta, bákan náà ni. Gossypol ló so mọ́ irin tó wà nínú pupa ẹyin. Mo jókòó, mo la ogún kóró. Márùn-ún ló ní àmì dúdú nínú.

Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo wá kóró tó mọ́. Pupa ẹyin kò yí mọ́, ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ wá ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí: ìyẹn kì í ṣe gossypol. Inú òróró òwú ni ohun tó ń fà á wà, irú méjèèjì ló sì ní in. Odindi kóró ni mo ń lọ̀ fún wọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún òróró rẹ̀ kúrò dáadáa, kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ má ṣe jẹ́ kí iná rẹ̀ pọ̀ jù. Iná ni wọ́n fi ń mú oró òwú olóró rọlẹ̀, iná yẹn náà ló sì ń ba lysine rẹ̀ jẹ́, èròjà kan lára purotéènì tí adìyẹ nílò, tí kò tó tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún bi ẹni tó fún yín léèrè irú èyí tó jẹ́. Ní yunifásítì Texas A&M, Keerti Rathore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2006: inú kóró nìkan ni wọ́n ti dín oró náà kù, wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ewé kó máa ṣọ́ igi. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí gbígbìn rẹ̀ ní 2018, wọ́n fọwọ́ sí jíjẹ rẹ̀ ní 2019. Tó bá jẹ́ ìyẹn ni, ọ̀rọ̀ eku àti ehoro tí mo sọ kò kàn yín tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ irú tèmi ni, oko tó jìnnà sí òwú olóró ni kí ẹ wá fún un. Bó bá hù, ẹ wo ọrùn èhù àti ewé méjì àkọ́kọ́. Èyí tó bá ní àmì dúdú, ẹ fà á tu kó tó yọ òdòdó. Kí ẹ tó tú ilẹ̀ rárá, ẹ la ogún kóró nínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sọ iye tó ní àmì fún mi.