Ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ lọ wàásù ní Làìbéríà

Ìbéèrè: Ọ̀kun o. Ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàbà fẹ́ lọ wàásù ní Làìbéríà fọ́sẹ̀ méjì, kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ yẹ páspọ́ọ̀tù yín wò, tí ọjọ́ tó kù lórí ẹ̀ ò bá tó oṣù 6 ẹ tètè lọ Lọ́kọ́ja lọ ṣe tuntun. Làìbéríà wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, ẹ ò nílò físà, àmọ́ abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára yín kẹ́ ẹ tó wọ̀lú, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ta káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yẹn, fún yín láìgba abẹ́rẹ́ o, ẹ̀mí yín ni! Èyí tó ká mi lára jù, ẹ pe pásítọ̀ tó máa gbà yín lálejò, ẹ bi í níṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn ṣe, àwọn ló nílùú wọn.