Ẹ Béèrè, A Fèsì: Ọkọ mi fẹ́ san owó ilé tán kíákíá, àmọ́ a ò rí i nílé mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sí yín kó tó di ariwo. Ọdún kẹta rèé tá a ti ra ilé pẹ̀lú mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báńkì yá wa ra ilé, ọgbọ̀n ọdún la máa fi san án. Ní bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ọkọ mi jókòó ti sítétímẹ́ǹtì tí báńkì fi ránṣẹ́, ló bá lọgun pé gbogbo owó tá a ti ń san látọjọ́ yìí, èlé ló ń jẹ ẹ́, ojú owó, ìyẹn owó tá a yá gan-an, ò tíì mira. Àtìgbà yẹn ló ti lọ wá iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kún iṣẹ́ ẹ̀, ófátáìmù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ní ọdún mẹ́wàá lòun máa fi parí ẹ̀. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ o, ọmọ méjì sì wà ńlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tíṣà ní kí àbíkẹ́yìn wa ya àwòrán ilé wọn, ó ya èmi, ó ya ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó wá ya bàbá ẹ̀ sínú mọ́tò níta. Mo rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀, ìgbà tí mo wọ bálùwẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ọkọ mi á ní ṣé mi ò fẹ́ ká jáde nínú gbèsè ni. Ṣé ó dáa ká máa sáré san án báyìí? Tó bá dáa, báwo lèèyàn ṣe ń ṣe é tí ilé ò fi ní dàrú?
Èmi ni, Ó Ti Sú Mi Díẹ̀.

Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà. Bàbá nínú mọ́tò níta, háà, látàárọ̀ tí mo ti ka lẹ́tà yín lohun tí ọmọ yẹn yà ò ti kúrò lójú mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ti ọkọ yín rò, torí nǹkan tó rí nínú sítétímẹ́ǹtì yẹn, òótọ́ ni.

Iye tó bá ṣẹ́kù lọ́rùn yín ni báńkì máa ń ṣírò èlé lé lórí. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo gbèsè ló ṣì wà ńlẹ̀, ìyẹn lèlé fi máa ń pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú iye kan tó rọrùn láti ṣírò, ká ní 100,000 lẹ yá, èlé 6% lọ́dún, ọdún 30. Owó tẹ́ ẹ máa san lóṣooṣù á jẹ́ bí 600. Lóṣù àkọ́kọ́, 500 nínú ẹ̀ lèlé máa kó lọ, 100 péré ló máa kan ojú owó. Ẹ óò máa san 600 yẹn lọ, èlé á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa tó bí ọdún 18 àbọ̀ kí apá tó ń lọ síbi ojú owó tó ju apá tí èlé ń kó. Ọdún 18 àbọ̀ o! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ilé á ti ga ju bàbá ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá san án débi ìparí, èlé nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 116,000, ìyẹn lórí 100,000 tẹ́ ẹ yá. Ta lá rí èyí tí ò ní lọgun?

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn ọkọ yín nìyí. Tẹ́ ẹ bá ń fi 100 kún 600 yẹn lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún 21 lẹ máa fi parí dípò 30, èlé tẹ́ ẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ á tó bí 40,000. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé 844 lóṣù, ọdún 15 ni, gbogbo èlé á já wálẹ̀ sí bí 52,000. Ọdún 10 tí ọkọ yín ń lé ńkọ́? 1,110 lóṣooṣù, èlé á jẹ́ bí 33,000. Ẹ wá fojú sí i dáadáa. Láti 600 dé 844, ẹ fi 244 kún un, ẹ gba bí 64,000 lọ́wọ́ èlé. Láti 844 dé 1,110, ẹ tún fi 266 kún un, bí 19,000 péré lẹ tún rí gbà. Àfikún àkọ́kọ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, èyí tẹ́ ẹ bá tún tò lé e, agbára ẹ̀ ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ òógùn tẹ́ ẹ fi wá a ò dín kù o, ó tún lè pọ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tó ń gbé e kúrò nílé yẹn gan-an ló ń ra apá tí ò lérè púpọ̀.

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ má rò pé mo kàn jókòó síbí ni mò ń dá yín lẹ́jọ́. Lọ́dún tí èmi àti bàbá ilé wa ń lé gbèsè ilé, mo lọ gba iṣẹ́ ìṣírò owó tí mò ń ṣe lóru, tí mo bá délé láti ọ́fíìsì, tọ́mọ bá ti sùn, mo tún ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nìyẹn, ó di aago méjì òru. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì, oorun gbé mi lọ pẹ̀lú ìka mi lórí 0. Nígbà tí mo lajú, owó tó yẹ ká san fún oníbàárà kan ti gun òdo méje lẹ́yìn, mo pa mélòó kan rẹ́, mi ò ka èyí tó ṣẹ́kù, mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọ̀gá mi ló rí i kí báńkì tó sanwó, wọn ò lé mi, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe àfikún owó oṣù lọ́dún yẹn, wọ́n fò mí. Mo jókòó ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun tí mo pàdánù ju gbogbo owó òru yẹn lọ. Bàbá ilé wa ò sọ nǹkan kan, ó kàn lọ yọ ìwé tá a fi ń ka gbèsè kúrò lára fíríìjì. Ó dá a padà lẹ́yìn oṣù méjì ṣá, oníṣirò lòun náà.

Torí náà, ẹ má sọ pé kó má san án kíá mọ́, ẹ ní kẹ́ ẹ jọ wá iye tẹ́ ẹ lè máa fi kún un tí ara gbà. Kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan kún un, ẹ gbé ìwé àdéhùn yẹn jáde kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìtanràn wà fún ẹni tó bá san ṣáájú àsìkò, torí àwọn kan máa ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn fún un, àwọn míì á ní iye báyìí lẹ lè fi kún un lọ́dún kan, ẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí báńkì pé ojú owó lẹ fẹ́ kí àfikún náà lọ bá. Ẹ kọ ọ́ o, ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́, torí àwọn kan á mú owó yẹn, wọ́n á fi í pamọ́ bí owó ilé ti oṣù tó ń bọ̀, èlé ò sì ní mira. Tí sítétímẹ́ǹtì míì bá dé, ẹ wò ó bóyá ojú owó wálẹ̀ ní iye tẹ́ ẹ fi kún un.

Ṣé ẹ ní gbèsè káàdì, irú káàdì báńkì tí wọ́n fi ń rajà láwìn? Tó bá wà, ẹ pa ìyẹn ná, torí èlé orí káàdì sábà máa ń fi ìlọ́po ju ti ilé lọ, kò sọ́gbọ́n nínú kéèyàn máa sáré pa ejò kékeré kí ńlá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí ibi iṣẹ́ yín bá sì máa ń fi owó kún owó ìfẹ̀yìntì tí ẹ̀yin náà bá dá tiyín, ẹ gba ìyẹn tán kẹ́ ẹ tó wá ṣíwájú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni owó ọjọ́ òjò, iye tẹ́ ẹ lè fi gbọ́ bùkátà ilé fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Èmi ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín létí tó. Owó tó bá ti wọ inú ògiri, kì í rọrùn láti mú un jáde, tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́la báńkì ò ní sọ pé ẹ̀yin lẹ ti ń san àfikún látọjọ́ yìí, ẹ sinmi lóṣù yìí. Wọ́n á bèèrè tiwọn ni.

Èyí tó ń gbà èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣekú ni kí àfikún máa lọ fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kẹ́ ẹ tó rí i ná. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń sanwó fún yín, tí báńkì yín sì gbà, ẹ lè máa san ìdajì owó ilé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ìgbà 26 ló wà nínú ọdún, ẹ óò ti san owó ilé oṣù 13 kẹ́ ẹ tó mọ̀, lórí ìṣírò tá a ṣe lókè yẹn ó máa gé bí ọdún márùn-ún àbọ̀ kúrò. Tí bọ́nọ́ọ̀sì tàbí àfikún owó bá dé, ẹ gé e sí méjì, ìdajì fún ilé, ìdajì fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbénú ilé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa bá a sọ ọ́? Ẹ má fi àwòrán yẹn bẹ̀rẹ̀, ó máa dà bí ẹ̀sùn. Ẹ bi í léèrè kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an. Ká ní ọkùnrin tí onílé ti kó ẹrù ẹ̀ síta rí ní kékeré ni, àlàyé 19,000 ò ní wọ̀ ọ́ létí títí tó fi máa sọ ìyẹn jáde. Lẹ́yìn náà ẹ wá gbé pépà jáde, kẹ́ ẹ jọ ṣe ìṣírò pẹ̀lú owó tiyín, kẹ́ ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí kò ní sí iṣẹ́ kankan. Kó fi iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀, kó mú ófátáìmù ọjọ́ méjì nìkan dání. Tó bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi padà, ẹ ní kí òun náà kọ.

Àǹtí, ó ku díẹ̀ kí n parí owó ilé mi, mo sì ní owó nípamọ́ tó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí ẹ̀. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ lé e kí n sinmi?

Àbúrò mi, má kó gbogbo ẹ̀. Fi owó ọjọ́ òjò sílẹ̀, kó o sì rántí pé tó bá ti ku díẹ̀ báyìí, èlé tó kù níbẹ̀ náà ò pọ̀ mọ́, o ti san èyí tó burú jù. Tó o bá fẹ́ da owó rẹpẹtẹ lé e lẹ́ẹ̀kan, bi báńkì bóyá wọ́n lè tún owó ilé tó ò ń san lóṣooṣù ṣírò kó wálẹ̀, àwọn kan máa ń ṣe é. Tọ́jọ́ àparí bá sì dé, gba iye àparí lọ́wọ́ wọn, ìyẹn iye tó máa pa gbèsè náà tán pátápátá, má lo iye tó wà lórí sítétímẹ́ǹtì, torí èlé ń gorí ẹ̀ lójoojúmọ́, iye tí wọ́n bá sì fún ẹ ní ọjọ́ tó máa kásẹ̀.

Mo ti san tèmi tán lóṣù tó kọjá! Ṣé nǹkan kan tún kù?

Ẹ kú oríire o, ẹ kú àṣeyè. Ó kù. Ẹ gba ìwé tó ń fi hàn pé báńkì ti yọwọ́ kúrò nínú ilé yẹn, kẹ́ ẹ sì lọ wò ó ní ọ́fíìsì tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ bóyá wọ́n ti pa orúkọ wọn rẹ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ báńkì ló ń bá yín san ìnṣọ́ránsì àti owó orí ilé nínú owó tẹ́ ẹ̀ ń san lóṣooṣù yẹn, ọwọ́ yín ló kù báyìí, kẹ́ ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbà á kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbi kan. Ẹ sì yẹ fóònù yín wò bóyá owó ilé oṣooṣù yẹn ṣì ń lọ fúnra ẹ̀, ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé oṣù mẹ́ta lòun fi san gbèsè tí ò sí mọ́, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó dá a padà fún un.